Bí ebi ṣe fojú Gandhi rí màbo ní London nítorí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún ìyá rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Mahatma Gandhi, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni bàbá àgbàlagbà kan tó rù hangogo, tó fá orí, tó ró aṣọ funfun mọ́dìí, tó sì ń fi ọ̀pá tilẹ̀ kiri. Bàbá náà ló ṣáájú àwọn ará Íńdíà láìyọ idà, tí wọ́n fi gba òmìnira lọ́wọ́ Òyìnbó ní 1947. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1948, ni wọ́n yìnbọn pa á. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kí bàbá yìí tó di bàbá, ọmọ onítìjú kan ni, tó dé London ní 1888 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, tó wọ aṣọ funfun láàárín àwọn tó wọ dúdú, tí ebi sì ń pa á lójoojúmọ́ nínú ìlú tí oúnjẹ pọ̀ sí bíi yanrìn.

Mohandas Karamchand Gandhi ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ọdún 1869, ni wọ́n bí i sí Porbandar, ìlú kan tó wà létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Bàbá rẹ̀, Karamchand, ni olórí ìjòyè fún ọba ìlú náà, kí ó tó lọ di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní Rajkot. Ipò ńlá ni, nítorí ọwọ́ olórí ìjòyè ni ọ̀rọ̀ ìlú ń gbà kọjá kí ó tó dé etí ọba. Ọmọ ọdún 13 ni Mohandas nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó fún un, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn láyé ìgbà náà. Kasturba ni orúkọ ìyàwó, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni. Ní 1885, bàbá kú.

Nígbà tí Mohandas yege ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 1887, wọ́n fi í sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bhavnagar, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ le fún un, kò sì lò ju táàmù kan lọ tó fi padà wálé. Ọ̀rẹ́ ìdílé wọn kan, àgbà Bírámínì tó ń jẹ́ Mavji Dave, ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní ayé ti yí padà, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tó lágbára kò lè jókòó sí àga tí Karamchand jókòó sí mọ́. Ó ní kí wọ́n yáa rán ọmọ náà lọ sí London kó lọ kọ́ òfin, ọdún mẹ́ta péré ni. Ọmọ gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Laxmidas, ní òun á wá owó.

Ìyá ló ṣòro. Putlibai, ìyá Mohandas, kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré rárá. Ààwẹ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní àsìkò òjò ọdún kan, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní í fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ tí òun kò bá fojú ara òun rí oòrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ á dúró síta, wọ́n á máa wo ojú ọ̀run, bí oòrùn bá sì ti yọjú báyìí, wọ́n á sáré lọ pe ìyá wọn. Kí ìyá tó jáde, ìkùukùu á ti bò ó. Kò ní í bínú. Á ní kò burú, Ọlọ́run ni kò fẹ́ kí òun jẹun lónìí, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Irú ìyá tó tọ́ Mohandas dàgbà nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ èyí ni ọ̀rọ̀ London yóò yé.

Putlibai ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa Ìlú Ọba. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ máa ń sọnù, pé wọ́n á máa jẹ ẹran, wọ́n á sì máa mutí. Ọmọlẹ́yìn òrìṣà Vishnu ni ìdílé wọn, èèwọ̀ sì ni ẹran fún wọn pátápátá. Ìyá ní òun fọkàn tán ọmọ òun nílé, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òun ṣọ́ ọ lókè òkun? Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ẹni ẹ̀sìn Jain kan, Becharji Swami, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà wọn tẹ́lẹ̀, tí ìdílé náà sì máa ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Mohandas jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta: kò ní í fẹnu kan ọtí, kò ní í fọwọ́ kan obìnrin, kò ní í jẹ ẹran. Ọmọ jẹ́ ẹ̀jẹ́, ìyá sì gbà kó máa lọ.

Ohun kan wà tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ níbí. Nígbà tí Mohandas ṣì ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, ọ̀rẹ́ kan ti tàn án jẹ ẹran ewúrẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ náà sọ fún un pé ẹran ni Òyìnbó ń jẹ tí wọ́n fi lágbára tó láti máa jọba lé àwọn lórí. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, kò rí oorun sùn, ńṣe ló ń ṣe é bíi pé ewúrẹ́ náà ń ké nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún bí ọdún kan, kó tó jáwọ́ nítorí pé irọ́ tó ń pa fún ìyá rẹ̀ ń gún un lọ́kàn. Kò jáwọ́ nítorí pé ẹran jíjẹ burú lójú rẹ̀ o. Nígbà tó fi máa wọkọ̀ lọ sí London, èrò rẹ̀ ṣì ni pé ó yẹ kí àwọn ará Íńdíà máa jẹ ẹran. Ẹ̀jẹ́ ìyá nìkan ló dè é lọ́wọ́.

Ní Bombay tó ti fẹ́ wọkọ̀, wàhálà mìíràn ń dúró dè é. Nínú ẹ̀yà oníṣòwò tí wọ́n ti wá, kò tíì sí ẹni tó lọ sí Ìlú Ọba rí. Àwọn àgbààgbà pe ìpàdé, wọ́n ránṣẹ́ pè é, olórí wọn sì sọ fún un pé ẹ̀sìn àwọn kò gba kí èèyàn sọdá òkun. Mohandas tí ojú máa ń tì láti sọ̀rọ̀ láwùjọ là á mọ́ wọn lójú lọ́jọ́ náà pé lílọ ni òun ń lọ. Inú bí olórí náà, ó sì kéde pé láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kì í ṣe ara àwọn mọ́, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ràn án lọ́wọ́, tàbí tó sìn ín dé èbúté, yóò san owó ìtanràn rúpì kan àti ánà mẹ́rin. Ìbẹ̀rù èyí ni kò jẹ́ kí àna wọn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi owó ìrìn-àjò sí lọ́wọ́, gbé owó náà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ni Mohandas ti lọ yá owó. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ọdún 1888, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní S.S. Clyde gbéra. Ó fi Kasturba sílẹ̀ àti Harilal, ọmọ wọn ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún kan.

Nínú ọkọ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní láti kọ́kọ́ to gbólóhùn lọ́kàn kó tó lanu. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, ojú sì ń tì í láti béèrè èwo ni kò ní ẹran nínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń jẹ dídùn àti èso tó gbé dání láti ilé. Òyìnbó kan tó fẹ́ràn rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé òtútù Ìlú Ọba kò gba kí èèyàn wà láìjẹ ẹran. Ó dúpẹ́, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kúkú padà sílé.

Ọjọ́ Sátidé, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n gúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sì pé ọmọ ọdún 19. Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fi aṣọ funfun kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rà fún un pa mọ́ de ọjọ́ ìgúnlẹ̀, èrò rẹ̀ ni pé òun ló máa bá a mu jù. Ìgbà tó bọ́ sílẹ̀ ló rí i pé òun nìkan ló wọ funfun láàárín gbogbo èrò. Ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ àpótí lé àwọn tó ń báni gbé ẹrù lọ́wọ́, bó ṣe rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. Ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè ni, wọn kì í ṣiṣẹ́. Funfun yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀ títí di Mọ́ńdè, ojú sì ń tì í.

Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ lọ wọ̀ sí Victoria Hotel. Kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, iná mànàmáná tàn yòò káàkiri. Wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá kékeré kan fún wọn, Mohandas sì rò pé yàrá tí wọ́n fún àwọn nìyẹn. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, yàrá náà ti gbéra, ìgbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni wọ́n wà. Lífìtì ni, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè.

Ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà, Dókítà Pranjivan Mehta, ọmọ Íńdíà tó ti ń gbé London, wá kí i. Dókítà rí aṣọ funfun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, Mohandas gbé àkẹtẹ̀ gogoro tí dókítà dé wá, ó fẹ́ mọ bó ṣe ń dán tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa irun ara rẹ̀ lódì, irun náà sì dìde. Inú dókítà kò dùn sí i, ó dá a lọ́wọ́ kọ́. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ìwà Òyìnbó: kì í ṣe gbogbo ohun tó wu èèyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kò gbọ́dọ̀ máa bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní ìbéèrè bí a ṣe ń ṣe nílé, kò gbọ́dọ̀ máa pariwo sọ̀rọ̀, kó má sì máa pe gbogbo èèyàn ní sà, nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo irú ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ tó ti ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà wá!

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé owó hótẹ́ẹ̀lì fún un, pọ́ùn mẹ́ta ló rí níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Èyí tó dùn ún jù ni pé ebi ló pa á mọ́jú pẹ̀lú gbogbo owó yẹn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kan wá tí kò lè jẹ ẹ́, á ní kí wọ́n gbé òmíràn wá, á sì sanwó méjèèjì. Ohun tó gbé wá láti Bombay ló ṣì ń jẹ. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ó kó lọ sí yàrá kan tí ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ bá a wá, bóyá ibẹ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun gbogbo ló ṣàjèjì: àwọn èèyàn, ìṣe wọn, ilé wọn pàápàá. Oúnjẹ tí kò ní ẹran nínú kò ní adùn, kò ní iyọ̀, kò ní ata. Ní ọ̀sán, ó lè fara dà á. Bí alẹ́ bá lẹ́, tó bá dá wà, ọkàn rẹ̀ á fò lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, omijé á sì máa ṣàn lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Bí wọ́n tilẹ̀ bi í, kí ni yóò sọ? Ìlú Ọba kò ṣe é gbé, ilé kò sì ṣe é padà sí, nítorí ojú kí ni yóò fi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi owó ṣòfò, àti àwọn àgbààgbà tó lé e jáde?

Dókítà Mehta wá a dé ibẹ̀. Ó bá a tí làpálàpá ti bò ó lára, nítorí omi òkun ló fi ń wẹ̀ nínú ọkọ̀, ọṣẹ kì í sì í hó nínú omi iyọ̀. Dókítà fún un ní oògùn kíkan kan tó ta á débi tó fi sunkún. Ó wo yàrá náà yíká, ó mi orí. Ó ní ibẹ̀ kò dára, pé ìwé nìkan kọ́ ló bá wá, ó gbọ́dọ̀ mọ bí àwọn Òyìnbó ṣe ń gbé. Ló bá mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Íńdíà, ní Richmond.

Oṣù kan ló lò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yìí. Onínúure èèyàn ni, ó ṣe é bí àbúrò, ó kọ́ ọ ní ìṣe àwọn Òyìnbó, ó sì mú kí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Oúnjẹ nìkan ni ìjà. Láàárọ̀, wọ́n á ro ọ́ọ̀tì bí ẹní ro ògì, ìyẹn máa ń yó o. Lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ tí kò níyọ̀, búrẹ́dì àti jáàmù ni. Ó máa ń jẹun dáadáa nílé, ikùn rẹ̀ sì gba oúnjẹ, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti béèrè ju ègé búrẹ́dì méjì sí mẹ́ta lọ. Ọ̀rẹ́ náà wò ó títí, ó sú u. Ó ní ká ní àbúrò òun gan-an ni, òun ì bá ti lé e padà sílé. Ó ní kí ni ẹ̀jẹ́ tí èèyàn jẹ́ níwájú ìyá tí kò mọ̀wé, tí kò mọ bí ìlú Òyìnbó ṣe rí, jẹ́? Ó tilẹ̀ mú ìwé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bentham, ó ń kà á sí i létí kó lè fi bá a jiyàn. Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà le ju ohun tó lè gbọ́ lọ. Mohandas ní kó má bínú, òun mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹran dára, òun kò sì lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́, òun kò lè yẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ náà wò ó tìyanu-tìyanu, ó pa ìwé dé, kò sì bá a jiyàn mọ́.

Láti Richmond, ó kó lọ sí West Kensington, nílé opó kan tó ní ọmọbìnrin méjì. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ fún opó náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fún un ní ègé búrẹ́dì kan tàbí méjì lé e, wọn kò mọ̀ pé odidi búrẹ́dì kan ni ikùn rẹ̀ ń fẹ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn, nítorí kò ka ìwé ìròyìn rí ní Íńdíà. Opó náà ló sọ fún un pé àwọn ilé oúnjẹ tí kì í se ẹran wà nínú ìlú. Bó ṣe gbéra nìyẹn. Ó ń rin máìlì mẹ́wàá sí méjìlá lóòjọ́, ó ń wọ ilé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú, ó ń jẹ búrẹ́dì lájẹyó, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ló fi mọ London, ebi sì ni atọ́nà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó já sí ojú pópó Farringdon, ó gbójú sókè, ó rí ilé oúnjẹ náà. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé tó rí ohun tó ń sunkún fún. Kó tó wọlé, ó rí àwọn ìwé tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì ra ọ̀kan, èyí tí Henry Salt kọ láti gbèjà àwọn tí kì í jẹ ẹran. Ṣílè kan ni. Ó gba inú ilé lọ tààrà, ó jókòó, ó jẹun yó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹun yó dáadáa láti ìgbà tó ti dé nìyẹn, ó sì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run ló wá ran òun lọ́wọ́.

Ó ka ìwé Salt láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó ti ń ṣe nítorí ìyá, ó wá rí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ nìkan ló dè é mọ́. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran ní London, wọ́n sì fi í sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọn. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni ọmọ onítìjú náà ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ fún ìpinnu kan.

Ẹ̀rù wá ń ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Richmond pé orí ọmọ yìí fẹ́ dàrú. Ó pè é lọ wo eré, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Holborn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ olómi kan wá. Mohandas pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ, ó fẹ́ béèrè bóyá ẹran wà nínú rẹ̀. Inú bí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní bí kò bá lè hùwà bí ọmọlúàbí láwùjọ, kó lọ jẹun níbòmíràn, kó sì dúró de òun níta. Mohandas jáde pẹ̀lú ayọ̀. Ilé oúnjẹ aláìlẹ́ran kan wà nítòsí, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í. Òru ọjọ́ náà, ebi ló fi wo eré, kò sì sí ìjà láàárín wọn.

Bóyá kó lè fi tu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ni o, ó pinnu pé òun á di Òyìnbó níbi tó kù. Ó rán kóòtù alẹ́ ní Bond Street ní pọ́ùn mẹ́wàá, ó ra àkẹtẹ̀ gogoro ní ṣílè mọ́kàndínlógún, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fi ẹ̀wọ̀n wúrà aago ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń lò níwájú dígí láàárọ̀. Ó san pọ́ùn mẹ́ta láti kọ́ ijó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dùùrù mu. Ó ra fáólínì ní pọ́ùn mẹ́ta kí etí rẹ̀ lè mọ orin. Ó sanwó fún ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Bí oṣù mẹ́ta ni wèrè yìí fi mú un, kó tó bi ara rẹ̀ pé ṣé London ni òun máa kú sí ni. Ó kọ lẹ́tà sí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì lọ bá obìnrin tó ń kọ́ ọ ní fáólínì pé kó bá òun tà á ní iye tó bá pa.

Láti ìgbà náà, ó ń kọ gbogbo kọ́bọ̀ tó bá ná sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń fi rìn dípò ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó gba yàrá kan ṣoṣo, ó ra sítóòfù, ó ń se ọ́ọ̀tì rẹ̀ láàárọ̀, kòkó àti búrẹ́dì lálẹ́. Gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan kò ju ṣílè kan àti tọ́rọ́ lọ.

Inner Temple ló ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ òfin ní oṣù kọkànlá ọdún 1888. Ibẹ̀ kan náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti di lọ́yà ní 1946. Láyé Gandhi, ara ohun tó ń sọ èèyàn di lọ́yà ni pé kó wá jẹun níbẹ̀ ní iye ìgbà kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó pọ̀, ìgò wáìnì méjì ni wọ́n ń gbé fún mẹ́rin. Níbi tí ojú ti máa ń ti ọmọ yìí, ńṣe ni wọ́n ń du ara wọn láti bá a jókòó, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní í mu nínú wáìnì náà.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, ọdún 1891, ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́yà. Ọjọ́ kejìlá, ó ti wọkọ̀, ó ń lọ sílé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bó ṣe máa rí ìyá rẹ̀, kó sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró digbí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé rẹ̀ ní èbúté Bombay. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Putlibai ti kú. Ó ti kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní London, ẹ̀gbọ́n ló fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ kó má baà gbọ́ ọ nílẹ̀ àjèjì. Ikú ìyá dùn ún ju ti bàbá lọ, ṣùgbọ́n kò bú sẹ́kún. Ó gbé omijé mì, ó bá wọn kó ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mú un lọ sí odò mímọ́ ní Nasik, ó wẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kí àwọn ará ẹ̀yà wọn lè gbà á padà. Apá kan gbà á, apá kan kọ̀. Nílé àwọn àna rẹ̀, wọ́n múra tán láti máa fún un lómi mu ní bòókẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà, ó ní ohun tí òun kò bá lè ṣe ní gbangba, òun kò ní í ṣe é níkọ̀kọ̀.